Pásíwọ́ọ̀dù Sájẹ́ńtì Tìmílẹ́yìn

Bí Ọmọ́rìnsọ́lá bá wà lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló máa ń mọ̀, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan láti Ọjà Ọba títí dé ìta yunifásítì tí ohùn rẹ̀ kì í ti jáde. Ohùn náà máa ń dún bí ẹni pé ẹ̀rín kan wà nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ tí kò tíì ráyè bọ́ síta. Ètò àríyànjiyàn ló ń ṣe. Á mú ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn nígboro, á pe ẹni méjì tí wọn ò gbà fún ara wọn, á jókòó sáàárín wọn, á sì jẹ́ kí wọ́n máa fà á. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ohun tó sì fi ń yangàn nìyẹn. Bí wọ́n bá bi í pé kí lèrò tirẹ̀, á ní, "Èmi kẹ̀? Èmi ni mò ń ta omi fún àwọn tó ń jà."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní Sátidé tí mò ń sọ yìí gbóná. Àwọn hákà kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ojú Ọ̀sán ti já wọ ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ogun ti máa ń béèrè aṣọ iṣẹ́ àti bàtà. Wọ́n kó orúkọ, ìlú, nọ́ńbà fóònù, orúkọ àti nọ́ńbà ará ilé, àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo àwọn tó ń lo ibẹ̀, wọ́n sì dà á sí gbangba kí gbogbo ayé máa wò ó. Wọ́n ní àwọn ò jalè nítorí owó. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí aráàlú mọ̀ pé àwọn tó ń ṣọ́ wa ò ní ilẹ̀kùn tó dáa lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Láti ìgbà náà ni ariwo ti gba ìlú. Àwọn kan ní akọni ni wọ́n. Àwọn kan ní olè pọ́ńbélé ni wọ́n, kí ọlọ́pàá lọ kó wọn.

Àwọn tí Ọmọ́rìnsọ́lá pè láti wá jiyàn ni Ọ̀gbẹ́ni Babátúndé àti Alhaji Kàmọ́rù. Babátúndé ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í lè sọ̀rọ̀ láìgbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Alhaji ń ta epo pupa ní Èmùré, ọmọ rẹ̀ kan sì jẹ́ sójà.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín, Alhaji," ni Babátúndé wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lọ sókè. "Bí ẹ bá kọjá lójú pópó tí ẹ rí i pé wọn ò ti ilẹ̀kùn báńkì, ṣé ẹ ò ní pariwo?"

"Màá pariwo. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé lọ kó ẹrù olóhun síta kí n tó pariwo." Alhaji sún mọ́ máìkì bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. "Ọmọ tèmi wà nínú àwọn tí wọ́n dà síta yẹn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníjìbìtì ti ń pe ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ní ọmọ náà fara pa, pé kó tètè fowó ránṣẹ́. Obìnrin yẹn ò jẹun dáadáa mọ́. Ṣé àwọn akọni yín náà ló máa bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

Ọwọ́ Babátúndé wálẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaji. Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Ọmọ́rìnsọ́lá ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè wọlé. Bísí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wà lẹ́yìn gíláàsì, òun ló ń gba àwọn olùpè. Ẹni àkọ́kọ́ pè láti Ìró. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ hákà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ ìwádìí ṣe tó báyẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wádìí ẹni tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun lóko. Ẹnì kejì ṣàdúrà fún orílẹ̀-èdè títí Bísí fi gé e. Lẹ́yìn náà ni Toyyibat wọlé, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà Adó.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ jù! Mi ò wá jiyàn o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní."

"Béèrè, Toyyibat."

"Ta ni Tìmílẹ́yìn?"

"Tìmílẹ́yìn wo?"

"Sájẹ́ńtì Tìmílẹ́yìn! Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo àwọn pásíwọ́ọ̀dù yẹn lórí fóònù, à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn, orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni. Òmíràn, ení, èjì, ẹ̀ta lásán. La bá kan tirẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, orúkọ ìlú wa wà nínú rẹ̀, orúkọ tiyín náà sì wà níbẹ̀!"

Bọ́tìnnì pupa kan wà níwájú Ọmọ́rìnsọ́lá tó fi máa ń gé olùpè kúrò lórí afẹ́fẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di èyí tí kò yẹ kí aráyé gbọ́. Ó ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tó kéré sí èyí. Ó ti fi gé ọkùnrin kan tó fẹ́ sọ àìsàn tó ń ṣe aládùúgbò rẹ̀. Ìka rẹ̀ dé orí bọ́tìnnì náà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti nà bí etí ehoro, ìka náà sì kọ̀, kò lọ sísàlẹ̀.

"Bó ṣe kọ ọ́ rèé, Àǹtí mi. Ó ní: Ọmọ́rìnsọ́lá Ìkẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sí mi."

Lẹ́yìn gíláàsì, Bísí ti yọ́ kúrò lórí àga, orí rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń rí, orí náà sì ń mì fún ẹ̀rín. Alhaji Kàmọ́rù ní, "Sùbùhánallàhì!" Ọwọ́ Babátúndé gòkè lọ, ó dúró síbẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá tó máa ń ta omi fún àwọn tó ń jà ò rí omi kankan tà. Gbogbo ojú rẹ̀ gbóná, ọkàn rẹ̀ sì ń fò sókè sódò bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀.

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí!" ni Alhaji figbe ta. "Ọkùnrin kan rọra fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n lọ sá a sórí okùn bí aṣọ!"

"Ohun tí èmi náà ń wí nìyí!" ni Babátúndé fèsì. "Ṣé orúkọ ọmọbìnrin ló yẹ kí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ológun? Ẹnikẹ́ni tó bá ní rédíò lè mọ̀ ọ́n!"

Orin ni Bísí fi gbà wọ́n. Àkókò ètò ò tíì pé, ṣùgbọ́n ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn mọ́.

Nígbà tí Ọmọ́rìnsọ́lá jáde síta, ọ̀rọ̀ náà ti dé títì ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìdí igi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń fọn fèrè ọ̀kadà wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ rẹ́rìn-ín sí èmi náà o!" Ìyá oníbúrẹ́dì fi búrẹ́dì kan lé e lọ́wọ́, ó ní ti ìyàwó sójà ni. Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá tó ń darí àwọn akọrin wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ó wá fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò sí ibi tó dé tí wọn ò ti kí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kí i tí kò kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀.

Felicia, ìyá rẹ̀, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, pè é jókòó ní pálọ̀ bí ìgbà tó ń pe ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé.

"Ta ni ọkùnrin náà?"

"Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n."

"O rẹ́rìn-ín sí i."

"Gbogbo èèyàn ni mo máa ń rẹ́rìn-ín sí, Màámi."

"Ohun tí mo ti ń bá ọ wí láti kékeré rèé! Èèyàn kì í pín ẹ̀rín bí ẹni ń pín ìwé ìpolongo ìbò." Ṣùgbọ́n Ọmọ́rìnsọ́lá rí i pé bí ìyá òun ṣe ń bínú tó ló tún ń wọ́nà àti gbọ́ sí i. "Ìdílé wo ni wọ́n ní ó ti wá?"

Ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e, orí Ọmọ́rìnsọ́lá ò pé mọ́. Ó fi iyọ̀ sínú tíì. Ó wọ bàtà oríṣi méjì lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró níwájú dígí, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ láti mọ ohun tí ọkùnrin náà rí, kò sì rí nǹkan kan ju eyín rẹ̀ tó máa ń yọ lápá kan. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọkùnrin ti ní ohùn rẹ̀ dára, wọ́n ti ní ó gbọ́n jù, ẹnì kan tilẹ̀ ti ní kó fi rédíò sílẹ̀ kóun tó fẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó ti fi ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ohun tó ń rántí lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, nǹkan kan ń gún un bí òkúta inú bàtà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń fọṣọ, ó dá ọwọ́ dúró nínú ọṣẹ. Òun ń fò fáyọ̀, ìlú ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ńkọ́? Bóyá ó ń fi fìlà bojú níbikíbi tó bá wà. Ìka tirẹ̀ ló kọ̀ tí kò tẹ bọ́tìnnì.

"Pè é, kí o bẹ̀ ẹ́," ni Bísí wí. "Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyókù. Ìṣẹ́jú kan ni màá fi bá ọ mú un."

"Mi ò ní mú nọ́ńbà rẹ̀ níbi tí wọ́n jí i kó sí."

"Báwo lo ṣe wá fẹ́ rí i?"

Ó lo ohun tó ní. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tó ka ìròyìn tán, ó ní, "Sájẹ́ńtì tí wọ́n dárúkọ lórí ètò mi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n gé olùpè yẹn kó tó sọ ọ́. Mi ò gé e, nítorí èmi náà fẹ́ gbọ́." Ó pa máìkì, ó sì kó àwọn ìwé iwájú rẹ̀ jọ.

Kò mọ̀ pé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni Tìmílẹ́yìn wá lò nílé, ní Ìsẹ̀, kò jìnnà rárá. Ọkùnrin náà ń bá ìyá rẹ̀ wú iṣu, rédíò kékeré wà lórí ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ìyá rẹ̀ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó lọ wẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àríyànjiyàn náà tún padà wá nítorí àwọn èèyàn ò jẹ́ kó lọ. Babátúndé àti Alhaji ti jókòó nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ bùbá àdìrẹ kan ilẹ̀kùn sítúdíò. Kò ga. Erùpẹ̀ ọ̀nà wà lára bàtà rẹ̀. Ó gbé iṣu ńlá kan dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Màámi ní kí n gbé uṣu yìí wá. Èmi ni Tìmílẹ́yìn."

Bísí gbé àga wá kó tó sọ̀rọ̀ tán. Iṣu náà dúró lórí tábìlì láàárín máìkì. Ọmọ́rìnsọ́lá wo ojú ọkùnrin náà títí, kò rí ohunkóhun tó rántí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wù ú láti máa wò ó lọ.

"Ẹ sọ orúkọ yín fún àwọn olùgbọ́ wa," ló wí nígbà tí iná pupa tàn.

"Ẹ ti bá mi sọ ọ́ tán."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran Babátúndé, ó ran Bísí, ó sì ran gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ọjà Ọba.

"Ẹ má bínú," ni Ọmọ́rìnsọ́lá wí.

"Mo bínú díẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́rú, ó tán." Ó nu ojú. "Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n ṣàlàyé ara mi. Mo ní, sà, mo wá ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé ni. Ó ní mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀ kíá."

"Níbo ni mo ti rẹ́rìn-ín sí yín?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ tán, ó ń padà sí òkè Ọya, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Ó wọ takisí ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́. Àwọn tó ti jókòó rí kákí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Òun nìkan ló kù, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Obìnrin kan wá wọlé, ó jókòó tì í, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ẹ kú ooru o, tòní yìí pọ̀," ó sì ní kó bá òun di báàgì mú kóun tún gèlè òun wé. Awakọ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Ó ní, ṣé Ọmọ́rìnsọ́lá orí rédíò kọ́ nìyí?

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Tìmílẹ́yìn wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Adó. Ṣùgbọ́n níbi tí a wà lọ́hùn-ún, bí bàtà mi bá ya tí mo fẹ́ béèrè òmíràn, màá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi á sì fúyẹ́. Nígbà mìíràn bàtà mi ò tíì ya tí mo ti máa ń wọlé."

Alhaji Kàmọ́rù yọ áńkáṣífù, ó fọn imú. "Ọmọ mi, rántí ẹ̀, jọ̀ọ́," ló wí fún Ọmọ́rìnsọ́lá bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Gbogbo ìlú ń retí. Ó rọrùn láti ní òun rántí.

"Mi ò rántí," ni Ọmọ́rìnsọ́lá wí.

Alhaji kérora sórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Tìmílẹ́yìn ló mọ́lẹ̀ kedere. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bóyá ẹ ṣàánú mi lọ́jọ́ náà. Àánú, ẹni tó ṣe é máa ń rántí. Ó jẹ́ pé bí ẹ ṣe rí nìyẹn."

Ọmọ́rìnsọ́lá gbé omi kó mu, kò rí i mu, torí ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. Ẹ̀rín náà jáde nísàlẹ̀ ọ̀fun níbi tó ti wà láti ọjọ́ yìí wá.

Babátúndé ló rántí pé àríyànjiyàn ni wọ́n wá ṣe. "Sájẹ́ńtì, ẹ̀yin tí wọ́n kó nǹkan yín, ṣé wọ́n ṣe dáadáa àbí wọn ò ṣe dáadáa?"

"Wọn ò ṣe dáadáa," ni Tìmílẹ́yìn wí, ohùn rẹ̀ ò sì jẹ́jẹ́ mọ́. "Tèmi di ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò lè lọ sílé mọ́, torí àwọn tí à ń bá jà ti mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ abúlé rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ilẹ̀kùn náà ò dáa. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá. Ẹ má kó wa síta níhòòhò."

"Bí wọ́n bá sọ fún àwọn ọ̀gá, tí àwọn ọ̀gá ò dá wọn lóhùn ńkọ́?"

Tìmílẹ́yìn ronú. "Ìbéèrè yẹn le. Mi ò mọ̀ ọ́n dáhùn. Kí wọ́n tún lọ sọ ọ́, kí wọ́n pariwo, kí ẹ̀yin náà bá wọn pariwo níbí. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ìyá wa má wà nínú rẹ̀." Babátúndé mi orí, kò gbé ọwọ́ sókè.

Ọmọ́rìnsọ́lá sún mọ́ máìkì. "Ẹ máa ń bi mí pé kí lèrò tèmi, mi kì í sì í sọ. Lónìí màá sọ ọ́. Olè ni. Èmi fúnra mi ti jẹ nínú ẹrù olè náà, ó dùn dé eegun, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Bó ṣe dùn tó yẹn, olè ló ṣì jẹ́. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀."

"Mi ì bá má sọ ọ́ láéláé," ni Tìmílẹ́yìn wí. "Ẹ̀rù yín ń bà mí."

Fóònù sítúdíò ò sinmi mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìdajì ìlú ní àwọn hákà jẹ̀bi, ìdajì ní wọn ò jẹ̀bi, gbogbo wọn ló sì béèrè ìgbà tí ìgbéyàwó máa wáyé. Felicia náà pè, ó yí ohùn padà, ó pe ara rẹ̀ ní olùgbọ́ kan láti Igbara-Odò, ó sì béèrè ìjọ tí sájẹ́ńtì náà ń lọ. Ọmọ́rìnsọ́lá dá a mọ̀ kíákíá, kò tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Sí kí ni?"

"Àṣírí ìjọba ni."

Ó fi báàgì gbá a lápá. Wọn ò tíì mọ ara wọn ju òwúrọ̀ kan lọ, àwọn ọlọ́kadà sì ń wò wọ́n, síbẹ̀ ó fi báàgì gbá a, kò sì mọ ìgbà tó ti ń pè é ní "ìwọ".

Kí ìsinmi Tìmílẹ́yìn tó parí, ó mú Ọmọ́rìnsọ́lá lọ sí Ìsẹ̀ kó lọ rí ìyá òun. Obìnrin náà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú abọ̀ o, ẹ bọ́ sínú ulé," kò béèrè ohunkóhun nípa hákà tàbí pásíwọ́ọ̀dù. Àkùkọ kan ló ní lọ́kàn, èyí tó fẹ́ pa fún àlejò. Ṣùgbọ́n àkùkọ náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gba àárín ẹsẹ̀ Tìmílẹ́yìn kọjá, ó gbọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ. Sájẹ́ńtì gbá tẹ̀ lé e, ó yọ̀ ṣubú lórí èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn aládùúgbò yọjú, wọ́n ń pariwo pé, "Gba ọ̀tún! Gba ọ̀tún!" Ọmọ́rìnsọ́lá bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì gba ọ̀tún. Ó yí ilé po lẹ́yìn àkùkọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ okùn aṣọ, ó fò kọjá agbada, ó wá já lu ẹyẹ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná, àyà rẹ̀ lulẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì di ẹsẹ̀ àkùkọ mú gírígírí.

Àtẹ́wọ́ gba àdúgbò. Ìyẹ́ adìyẹ wà nínú irun rẹ̀, erùpẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, èémí ò sì tó o mọ́. Tìmílẹ́yìn ṣì jókòó sórí èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde.

Ìyá rẹ̀ wá, ó gba àkùkọ náà lọ́wọ́ Ọmọ́rìnsọ́lá, ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," ló ní, "ṣé o máa ń jẹ ata?"